Bí Ẹgbẹ́ Òǹkàwé Ṣe Lè Jùmọ̀ Ka Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ilẹ̀ Japan Kan Tí Ó Le

Ní ọdún 1946, Seishi Yokomizo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan jáde ní apá-apá nínú ìwé ìròyìn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hōseki. Ìtàn náà gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Japan fi lélẹ̀, ní ọdún 1948, òun náà sì ni ìtàn tí Kosuke Kindaichi, aṣèwádìí tí àwọn ará Japan fẹ́ràn títí di òní, ti kọ́kọ́ yọjú. Ó di ọdún 2019 kí Louise Heal Kawai tó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ The Honjin Murders, ẹ̀dà yìí ni mo sì ní lọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìwé náà kò gùn, kò ju nǹkan bí 200 ojú-ewé lọ, ṣùgbọ́n ó le fún ẹni tí ó bá dá a kà.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1937, ní abúlé kan ní agbègbè Okayama, Kenzo tí ó jẹ́ àrólé ìdílé Ichiyanagi gbé Katsuko níyàwó. Ní òru ọjọ́ ìgbéyàwó náà gan-an, kí ilẹ̀ tó mọ́, igbe ta láti inú ilé kékeré tí tọkọtaya náà sùn sí nínú ọgbà, ohùn dùùrù koto sì tẹ̀lé e kíkankíkan. Nígbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé, òkú àwọn méjèèjì ni wọ́n bá. Inú ni wọ́n ti ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, òjò dídì ti bo ilẹ̀ yí ilé náà ká láìsí ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó jáde, idà kan sì dúró ní òòró nínú òjò dídì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà olókùúta.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí ìṣòro rẹ̀ wà gan-an. Yokomizo kì í rẹ́ òǹkàwé jẹ. Gbogbo ohun tí ènìyàn nílò láti fi mọ ìdáhùn ni ó ti tẹ́ sílẹ̀ kí Kindaichi tó la ẹnu láti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Japan ìgbà náà ni ó ń kọ̀wé sí, àwọn tí kò sí ìdí láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún bí wọ́n ṣe ń ti ilé pa lálẹ́, bí wọ́n ṣe ń ta koto, tàbí ohun tí ó túmọ̀ sí láti jẹ́ ọmọ ilé tí wọ́n ń pè ní honjin, èyíinì ni ilé ọlọ́lá tí àwọn ìjòyè ńlá máa ń wọ̀ sí lójú ọ̀nà láyé àtijọ́. Nítorí àìmọ̀ nǹkan wọ̀nyí, ohun tí òǹkọ̀wé gbé síta gbangba máa ń di ohun ìkọ̀kọ̀ lójú tiwa. Iṣẹ́ ẹgbẹ́, lójú mi, ni láti wá ìmọ̀ yẹn fún ara wọn ṣáájú ìdáhùn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn náà lè bá òǹkọ̀wé díje ní ọgbọọgba. Orí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ dúró lé, n kò sì ní tú àṣírí ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ yan olùdarí, kí ẹ sì ṣe àdéhùn

Ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ ni iye tí ó dára jù. Bí ènìyàn bá kéré jù, iṣẹ́ á pọ̀ lọ́rùn wọn; bí wọ́n bá pọ̀ jù, àwọn kan kò ní sọ̀rọ̀. Kí gbogbo yín lo ìtumọ̀ kan náà. Bí àwọn kan bá ń kà á lórí fóònù tí àwọn mìíràn mú ìwé lọ́wọ́, ẹ máa fi àkọlé orí ìwé tọ́ka síbi tí ẹ wà, nítorí nọ́ńbà ojú-ewé kò ní bára mu.

Olùdarí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti ka ìwé náà tán. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fẹ́ kí gbogbo ènìyàn jẹ́ aláìmọ̀kan pọ̀, ṣùgbọ́n nínú irú ìwé yìí, ẹni tí kò bá mọ òpin kò lè mọ ibi tí ó yẹ kí ìjókòó dúró, kò sì lè mọ ìmọ̀ tí àwọn yòókù ṣaláìní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti béèrè ìbéèrè, kí ó sì pa ẹnu mọ́. Bí ẹnìkan bá sún mọ́ òtítọ́, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ẹlòmíràn bá sì ṣìnà, kò gbọdọ̀ fà á padà.

Àdéhùn tí ẹ óò ṣe kò pọ̀: kí ẹnikẹ́ni má wá orúkọ ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má wo fíìmù tí wọ́n fi ìtàn náà ṣe ní 1975, kí wọ́n má sì sọ ohunkóhun lórí WhatsApp nípa apá tí ẹgbẹ́ kò tíì dé. Kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ pé òkú àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìwé náà, àti pé bí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa obìnrin, nípa tálákà àti nípa ẹni tí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò pé lè dun ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí olùdarí sọ. Àwa tí a ka Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ti mọ́ra pẹ̀lú Lápàdé tí ó ń lé ọ̀daràn kiri, tí ewu sì ń bẹ níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Kò sí irú eré sísá bẹ́ẹ̀ níbí. Òǹkọ̀wé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí ogun lé wá sí abúlé náà ni ó ń ròyìn ohun tí àwọn ará abúlé sọ fún un, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Yokomizo fúnra rẹ̀ sá wá sí abúlé kan ní Okayama nítorí ogun ní 1945. Ìrònú ni iṣẹ́ tí ó kù fún òǹkàwé, ẹni tí ó bá sì ń retí ìjà lè gbé ìwé náà jù sílẹ̀ ní orí kejì bí wọn kò bá ti kìlọ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ́ ohun tí ará Japan ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Ìjókòó àkọ́kọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tíì ka ojú-ewé kan. Kí olùdarí mú àwòrán wá, kí ẹ sì jókòó tì í fún bí wákàtí kan àbọ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fò, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jùlọ.

Ilé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń kọ́ ilé àtijọ́ ilẹ̀ Japan, ilẹ̀ inú rẹ̀ ga kúrò ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹní líle tí wọ́n ń pè ní tatami ni wọ́n sì ń tẹ́ sí i. Ohun tí ó pín yàrá kan sí èkejì kì í ṣe ògiri bíríkì, bí kò ṣe ilẹ̀kùn fífà tí wọ́n fi bébà tó nípọn bò lójú méjèèjì. Lókè àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí, wọ́n sábà máa ń gbẹ́ igi ọlọ́nà tí ó ní ihò, kí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró yí yàrá ká, lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni pátákó àfàpa wà, èyí tí wọ́n ń fà pa láti inú lálẹ́ nítorí òjò, òtútù àti olè. Bí ẹ bá ti rí èyí nínú àwòrán, ẹ óò mọ ìdí tí ó fi jẹ́ ìgboyà ńlá fún Yokomizo láti gbé ìtàn iyàrá àtìpa, níbi tí wọ́n ti ń bá òkú nínú yàrá tí a ti pa láti inú, sínú ilé onígi àti bébà, nítorí ilé olókùúta ti ilẹ̀ Yúróòpù ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Ìlú Yakage, ní agbègbè Okayama kan náà, ní honjin àtijọ́ ti ìdílé Ishii tí ìjọba ń tọ́jú. Àwòrán rẹ̀ kò ṣòro láti rí, ó sì dára fún ìjókòó yìí.

Lẹ́yìn ilé, ẹ bọ́ sórí koto. Dùùrù gígùn tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta ni, okùn 13 ni ó ní, afárá kéékèèké tí ó ṣeé sún síwá sẹ́yìn ni ó sì gbé okùn kọ̀ọ̀kan ró. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń ta á, pẹ̀lú èékánná àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi bọ àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín. Ẹ fi etí ara yín gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí YouTube, kí ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín okùn kan tí wọ́n fà jẹ́jẹ́ àti gbogbo okùn tí wọ́n gbá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ará Japan tí ó ka ìwé yìí ní 1946 ti ní ohùn yẹn létí kí ó tó ṣí ojú-ewé àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta ni ipò ìdílé. Láti ọdún 1635, ìjọba Tokugawa pa á láṣẹ pé kí àwọn ìjòyè ńlá tí ń ṣàkóso agbègbè máa lọ gbé ní ìlú Edo, tí a mọ̀ sí Tokyo lónìí, ní ọdún kan sí èkejì. Ní ojú ọ̀nà, ilé honjin ni wọ́n máa ń wọ̀ sí. Kì í ṣe ilé àlejò tí ẹnikẹ́ni lè sanwó wọ̀. Ilé ọlọ́lá àdúgbò ni, ọlá yẹn sì ń lọ láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọ. Ayé yẹn tú ká lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1868, ṣùgbọ́n ìdílé Ichiyanagi inú ìwé yìí di onílẹ̀ ńlá, wọn kò sì gbàgbé ẹni tí wọ́n jẹ́. Ìdílé Katsuko, ní tirẹ̀, jẹ́ àgbẹ̀ tí ó ti dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ rí, kí bàbá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀, Ginzo, tó lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì padà wá di olóko èso ọlọ́rọ̀. Katsuko kàwé, ó jẹ́ olùkọ́, ó ní owó lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n ń wò ó bí ẹni tí kò tó wọn. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹnu yóò yá láti máa fi èyí wé ìwádìí tí àwọn ẹbí wa máa ń ṣe kí wọ́n tó gba àna. Mo rọ olùdarí láti dá ọ̀rọ̀ náà dúró títí di ìjókòó ìkẹyìn, nítorí ẹni tí ó bá yára sọ pé òun ti mọ irú èyí kò ní wo ohun tí ó yàtọ̀ nínú rẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pín iṣẹ́

Ẹnìkan kò lè rántí gbogbo nǹkan inú ìwé yìí. Nítorí náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ohun kan tí yóò máa ṣọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ ni yóò máa tọ́jú orúkọ. Nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ àbísọ ni ó ṣáájú orúkọ ìdílé, ní ìdàkejì sí bí àwọn ará Japan ṣe ń pè é, kí àwọn tí wọ́n bá mọ̀ díẹ̀ nípa Japan má bàa ṣi í kà. Kí ó ya igi ìdílé: Itoko tí ó jẹ́ ìyá, Kenzo, Ryuji, Saburo àti Suzuko tí wọ́n jẹ́ ọmọ, Ryosuke tí ó jẹ́ ìbátan wọn àti Akiko ìyàwó rẹ̀. Ohun ìrànlọ́wọ́ kan wà fún wa níbí. Bí ẹni tí ó ń jẹ́ Ìdòwú ṣe ń fi orúkọ sọ ipò tí wọ́n bí i sí, bẹ́ẹ̀ ni “ji” tí ó parí Ryuji ń tọ́ka sí èkejì, tí Saburo sì jẹ́ orúkọ ọmọkùnrin kẹta. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní dàrú mọ́ láàárín àwọn ọkùnrin náà.

Ẹni kejì ni yóò máa ya àwòrán ilẹ̀: ilé ńlá, ilé kékeré inú ọgbà, ẹnu ọ̀nà, àtùpà olókùúta, ibi tí idà wà. Kí ó yà á tóbi sórí káàdìbọ́ọ̀dù, kí ó sì máa fi pẹ́ńsù kọ ọ́, nítorí yóò tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni kẹta ni yóò di olùṣọ́ aago, tí yóò máa kọ wákàtí tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sùn, tí òjò dídì rọ̀, tí ó dá, tí wọ́n gbọ́ igbe. Ẹni kẹrin gba àwọn ohun èlò: idà, dòjé, afárá koto, lẹ́tà, àní ibojì ológbò pàápàá. Kí ó kọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó rí i. Ẹni karùn-ún gba gbogbo ohun tí etí gbọ́ ní òru náà. Ẹni kẹfà ni mo máa ń fi iṣẹ́ tí ó gba sùúrù jù lé lọ́wọ́, èyíinì ni láti máa wo bí asọ̀tàn ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ láti orí kìn-ín-ní, kí ó sì máa da gbólóhùn tí ó bá ní ìrísí pé wọ́n fara balẹ̀ kọ kọ sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pín ìwé náà sí apá tí ó bá ìtàn mu

Ẹ má ṣe fi iye ojú-ewé pín in. Apá àkọ́kọ́ parí nígbà tí ayẹyẹ ìgbéyàwó bá tán tí gbogbo ènìyàn lọ sùn. Apá kejì gbé wa dé ibi tí wọ́n ti rí òkú, tí àwọn ọlọ́pàá sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, títí kan dòjé àti afárá koto. Apá kẹta bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ginzo bá ránṣẹ́ pe Kindaichi, ó sì kọjá lórí ibojì ológbò àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nípa ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Apá kẹrin dúró ní kété kí Kindaichi tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Olùdarí ni yóò dárúkọ orí tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá. Apá karùn-ún ni ìdáhùn.

Ìjókòó kan lọ́sẹ̀ ni mo dámọ̀ràn. Bí ẹ bá fi oṣù kan sáàárín, ẹ óò máa lo ìdajì ìjókòó láti rántí ẹni tí Ryosuke jẹ́.

Ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan ka ojú-ewé kan tàbí méjì sókè kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá kan Kindaichi, ẹ ó rí i pé akólòlò ni, ó sì máa ń họ irun orí rẹ̀ tí ó ta kókó bí ọ̀rọ̀ bá ń dùn mọ́ ọn. Ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ṣe wà, láìfi ìkólòlò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ń kólòlò lè wà láàárín yín. Orí tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹ fún àkókò púpọ̀ ju bí ó ti gùn lọ. Saburo, ọmọkùnrin kẹta, fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ gan-an, òun àti Kindaichi sì jíròrò lórí àwọn òǹkọ̀wé òkèèrè. Àwọn òǹkàwé kan yóò fẹ́ fò ó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ya ohun tí a rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a rò

Fún èyí, ẹ fa ìlà méjì sórí bébà ńlá kí ó di ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó sọ ọ́, àti ohun tí a rò nípa rẹ̀. Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ṣáájú ìgbéyàwó náà, àjèjì kan tí ó rí wúruwùru, tí ó ní àpá lójú, tí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, wá sí abúlé, ó sì béèrè ọ̀nà ilé Ichiyanagi. Lẹ́yìn ikú náà, wọ́n rí ojú ìka mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ lórí ìbòjú yàrá aláwọ̀ wúrà tí wọ́n gbé dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ pé kí ni a mọ̀, ẹnìkan yóò dáhùn pé ọkùnrin oníka mẹ́ta wọ yàrá náà.

Ẹ gbé gbólóhùn yẹn wò lórí bébà. Pé ó wá sí abúlé, ẹlẹ́rìí wà. Pé ojú ìka mẹ́ta wà lórí ìbòjú, àwọn tí wọ́n já ilẹ̀kùn rí i. Ṣùgbọ́n pé òun ni ó fi ọwọ́ kàn án, ọ̀nà kẹta ni ìyẹn jẹ́, kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ bí kò ṣe àwa. Nísinsìnyí, kí olùdarí béèrè pé nínú gbogbo ohun tí a kọ́ ní ìjókòó àkọ́kọ́, ṣé ohun mìíràn wà tí ó ní í ṣe pẹ̀lú ìka mẹ́ta? Kí ó dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè náà. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò ní pẹ́ mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ayọ̀ ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ débẹ̀ kò kéré. Irú ìgbà báyìí ni ẹ ó mọ̀ pé wákàtí tí ẹ fi gbọ́ koto kò ṣòfò.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú idà inú òjò dídì, pẹ̀lú ilẹ̀kùn, àti pẹ̀lú gbogbo ohùn tí wọ́n gbọ́. Nínú ẹgbẹ́ tí àgbà àti ọ̀dọ́ bá jọ wà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí bàbá tàbí ìyá kan bá ti sọ èrò tirẹ̀ tán, ọ̀wọ̀ kì í jẹ́ kí ọmọdé tako ó, èrò tí ó ṣe pàtàkì jù sì lè kú sínú ẹni tí ó ní in.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀ kí Kindaichi tó sọ tirẹ̀

Ní òpin ìjókòó apá kẹrin, kí oníkálukú kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ó ṣe é, báwo ni ó ṣe ṣe é, àti kí ni ìdí rẹ̀. Kí wọ́n fi í sínú àpòòwé, kí olùdarí gbà á. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó kọ ohun tí ó ń da òun láàmú. Àwọn tí wọ́n bá mọ ẹni tí ó ṣe é lè má mọ bí ó ṣe ṣe é, torí náà ẹ má ṣe pe ẹnikẹ́ni ní olúborí. Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó lè lọ ka apá karùn-ún nílé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìjókòó méjì lẹ́yìn ìdáhùn

Ìjókòó àkọ́kọ́ wà fún bí ọ̀ràn náà ṣe ṣeé ṣe. Ẹ ṣí àpòòwé, ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ sáàárín, kí ẹ sì tẹ̀lé àlàyé Kindaichi ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Kí olùṣọ́ kọ̀ọ̀kan ka ohun tí ó ti kọ sílẹ̀, kí ó fi hàn ibi tí òǹkọ̀wé ti sọ ọ́ fún wa. Bí ẹnìkan bá sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láyé, ẹ gbà á láyè kí ó sọ ìdí. Ìtàn irú èyí dúró lórí pé ó ṣeé ṣe àti pé wọ́n fi hàn wá, kò pọn dandan kí ó jẹ́ ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni kẹfà ka àwọn gbólóhùn asọ̀tàn tí ó dà kọ, kí ẹ jọ yẹ̀ wọ́n wò bóyá asọ̀tàn purọ́ fún wa nínú èyíkéyìí.

Ìjókòó kejì jẹ́ ti ìdí. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń gbóná jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn òǹkàwé òde òní kan kò lè gbà pé ènìyàn lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nítorí irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sórí ohun tí ẹ kọ́ nípa honjin àti àgbẹ̀, kí ẹ bi ara yín bóyá ìwé náà gbè lẹ́yìn ẹni tí ó ṣe é tàbí ó ń dá a lẹ́bi. Ẹ rántí ọdún tí ó jáde pẹ̀lú: ní 1946, ogun ti parí, wọ́n sì ti ń ṣe òfin tí yóò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá bí Ichiyanagi. Ìsinsìnyí ni ọ̀rọ̀ ìwádìí àna tiwa náà lè wọlé, nítorí ẹ ti mọ tiwọn dáadáa tó láti fi wé e.

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ tẹ̀síwájú pẹ̀lú Kindaichi, Death on Gokumon Island ni kí ẹ kà tẹ̀lé e, Louise Heal Kawai náà ni ó túmọ̀ rẹ̀. Erékùṣù kan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun, ewì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní haiku sì ní ipa ńlá nínú rẹ̀, nítorí náà haiku ni kí olùdarí fi ìjókòó àkọ́kọ́ kọ́ yín.